Báwo ni tiróìdì tí kò lárùn ṣe ń tóbi tó, báwo la sì ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Ọmọ Alákétu

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo gbé wá. Ọmọ ọdún 27 ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ sì gùn. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn èèyàn ti ń tẹjú mọ́ ọn lọ́rùn lọ́jà. Ẹnì kan ní gẹ̀gẹ̀ ló ń yọ, òmíràn ní kó tètè lọ gé e kó tó di ńlá. Obìnrin kan tó ń kiri oògùn ti ta áyódíìnì inú ìgò kékeré fún un, ó ní kó máa kán an sómi mu láràárọ̀. Kò tíì mu ún, mo ní kó dúró ná.

A ti lọ ṣe ekógiráfì, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ọrùn, ní Àjàṣẹ́. Ohun tó wà nínú ìwé èsì náà rèé, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an:

Lobe droit: 48 x 17 x 16 mm
Lobe gauche: 45 x 16 x 15 mm
Isthme: 3 mm
Nodule lobe gauche: 6 mm, EU-TIRADS 3

Ẹni tó ṣe é fún wa ní "kò burú", ó sì pe ẹni tó kàn wọlé. Dókítà tó ní ká lọ ṣe é kò sí nílùú, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àbúrò mi ò rí oorun sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé 48 yẹn pọ̀ jù? Ṣé nodule yẹn, jẹjẹrẹ ni? Ṣé kó bẹ̀rẹ̀ áyódíìnì náà ká tó rí dókítà?

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àmójútó. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó lè ṣe é ní jàǹbá lónìí. Kó má fẹnu kan áyódíìnì inú ìgò yẹn. Ara nílò áyódíìnì lóòótọ́, tiróìdì, ẹṣẹ́ tó wà níwájú ọrùn, kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni: máíkírógíráàmù 150 lójúmọ́ fún àgbàlagbà, 250 fún aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ìkán kan ṣoṣo nínú oògùn ìgò tó le lè ju oúnjẹ oṣù kan lọ. Bí ẹni tí kókó, èyí tí wọ́n pè ní nodule, ti wà nínú tiróìdì rẹ̀ bá ń gbé irú ìyẹn mì, ẹṣẹ́ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ àṣejù: àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun á dá lójú, ẹran ara á máa jò. Lára ẹlòmíràn, ńṣe ni yóò dá ẹṣẹ́ náà lọ́wọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹ gbé ìgò náà pamọ́ kí ẹ sì fi han dókítà.

Ó wá kan ìṣirò. 48 tó bà yín lẹ́rù kì í ṣe ìwọ̀n tiróìdì. Gígùn apá ọ̀tún nìkan ni, ní mílímítà. Tiróìdì ní apá méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀kan lósì, nísàlẹ̀ gògóńgò, ìsopọ̀ tínrín kan ló so wọ́n pọ̀ níwájú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan apá náà la máa ń wọ̀n lọ́nà mẹ́ta: bó ṣe gùn, bó ṣe fẹ̀, bó ṣe jìn láti iwájú lọ sẹ́yìn.

Ẹ sọ ti apá ọ̀tún di sẹ̀ǹtímítà: 4.8, 1.7, 1.6. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, 13.06 ló máa bọ́ síta. Ẹ tún fi 0.52 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 6.8. Mílílítà 6.8 nìyẹn. Apá òsì: 4.5 lọ́nà 1.6 lọ́nà 1.5 jẹ́ 10.8, ẹ fi 0.52 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 5.6. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: 12.4. A kì í ka ìsopọ̀ àárín mọ́ ọn, àfi tó bá ti nípọn jù.

Ẹ lè máa bi ara yín léèrè ibi tí 0.52 ti wá. Bí ẹ bá fi ẹyin sínú páálí tó bá a mu gẹ́lẹ́ ní gígùn, ní ìbú àti ní jíjìn, díẹ̀ lé ní ìdajì páálí náà ni ẹyin yóò gbà, ìyókù jẹ́ àyè lásán ní àwọn igun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni apá tiróìdì kọ̀ọ̀kan ṣe rí.

Òkè ààlà tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lò jẹ́ mílílítà 18 fún obìnrin, 25 fún ọkùnrin. Ìyẹn ni pé 12.4 ti àbúrò yín wà láàárín ibi tó yẹ, ó tilẹ̀ jìnnà sí ààlà. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú wo iye kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gígùn apá kan máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 4 sí 6, fífẹ̀ àti jíjìn kì í sábà tó 2, ìsopọ̀ àárín kì í sì í ju mílímítà 5 lọ. Tirẹ̀ jẹ́ 3. Kò sí gẹ̀gẹ̀ níbẹ̀.

Màá padà wá sórí ọ̀rọ̀ kókó yẹn, mo fẹ́ wọ iṣẹ́ báyìí.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì wa. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Dókítà kan fọwọ́ wo ọrùn mi, ó ní ó tóbi. Mo ṣe ekógiráfì, wọ́n ní kò tóbi. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ara mi ò balẹ̀ pé bóyá ẹ̀rọ ló gbójú fò ó.

Oníṣẹ́ Ẹ̀rọ

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni mo wà lójoojúmọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di bó ṣe tóbi tó, tí kì í sì í ṣe gẹ̀gẹ̀ ńlá tí gbogbo ayé ń rí, ẹ gba ti ẹ̀rọ. Ọwọ́ a máa tan èèyàn jẹ lára ọrùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ torí pé ẹṣẹ́ náà súnmọ́ awọ, ó sì máa ń yọ síta ju bó ṣe rí lọ. Lára ọrùn tó sanra, ẹ̀wẹ̀, ọwọ́ lè má rí èyí tó ti tóbi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ wa, torí pé iye tó wà nínú ìwé dára tó ọwọ́ tó wọ̀n ọ́n ni. A máa ń ní kí ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja, a ó ti ìrọ̀rí sábẹ́ èjìká yín kí orí lè rọ̀ sẹ́yìn, kí iwájú ọrùn lè là dáadáa. A ó fi jẹ́ẹ̀lì tútù ra á, a ó sì gbé ẹnu ẹ̀rọ lé e, níbùú lákọ̀ọ́kọ́, lóròó lẹ́yìn ìyẹn. Níbùú la ti ń mú fífẹ̀ àti jíjìn, lóròó la ti ń mú gígùn. Bí oníṣẹ́ bá tẹ ẹnu ẹ̀rọ náà mọ́ ọrùn jù, ẹṣẹ́ yóò pẹlẹbẹ, jíjìn rẹ̀ yóò dín. Bó bá dárí ẹ̀rọ náà gba ẹ̀gbẹ́, fífẹ̀ rẹ̀ yóò lé. Gígùn ló máa ń yọ wá lẹ́nu jù, nítorí apá tó bá gùn lè ju ojú ẹ̀rọ lọ, a ó wá máa fi àwòrán méjì díwọ̀n rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí 12.4 lọ́dún yìí tí ẹ rí 13.5 lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má pariwo pé ó ń dàgbà. Ìyàtọ̀ ọwọ́ ènìyàn lè tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé àyẹ̀wò kan tún ń lo 0.479 dípò 0.52. Bí ẹ bá fi èyí ṣe ìṣirò ti àbúrò Ọmọ Alákétu, 11.4 ni yóò jẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹṣẹ́ kan náà ni, lọ́jọ́ kan náà. Bó bá ṣeé ṣe, ibi kan náà ni kí ẹ ti máa ṣe é, kí ẹ sì máa mú ìwé àtijọ́ dání lọ. Ẹni tó bá rí ìwé àtijọ́ yóò wọ̀n ọ́n lọ́nà kan náà.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́

Mo ti dé. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ẹ̀gbọ́n wa tó wà nídìí ẹ̀rọ sọ. N ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọwọ́ kò wúlò. Ní ọ̀pọ̀ abúlé wa, ọwọ́ ló wà, ẹ̀rọ jìnnà.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é rèé, kí ẹ lè mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é fún yín. Ẹ ó jókòó, ẹ ó gbé ọrùn bó ṣe máa ń wà, ẹ kò ní nà án. Dókítà á kọ́kọ́ fojú wò ó láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà, ó máa fún yín ní ife omi. Ẹ ó bu omi sẹ́nu, ẹ ó dúró, nígbà tó bá ní kí ẹ gbé e mì, ẹ ó gbé e mì. Ọ̀nà ọ̀fun ni tiróìdì so mọ́, ohun tó bá jẹ́ tiróìdì yóò gòkè, yóò sì tún sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rá abẹ́ àgbọ̀n kì í gòkè bẹ́ẹ̀, awọ ọrùn tó ṣẹ́po kì í gòkè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló máa fi ìka wá a lábẹ́ gògóńgò, á ní kí ẹ tún gbé omi mì nígbà tí ìka rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìpele mẹ́ta ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń lò láti ọdún 1994. Ipele 0: ọwọ́ kò kàn án, ojú kò rí i. Ipele 1: ọwọ́ kàn án, ó sì ń lọ sókè bí a bá gbé nǹkan mì, ṣùgbọ́n ojú kò rí i nígbà tí ọrùn wà bó ṣe yẹ. Ipele 2: ojú rí i láìjẹ́ pé a na ọrùn. Ohun tí a fi ń mọ èyí tó tóbi ni oríkèé òkè àtàǹpàkò ẹni tí a ń yẹ̀ wò. Bí apá tiróìdì kan bá ju oríkèé yẹn lọ, ó tóbi. Àtàǹpàkò ẹni tí a ń yẹ̀ wò ni o, kì í ṣe ti dókítà. Ọmọ kékeré ní àtàǹpàkò kékeré àti tiróìdì kékeré.

Nísinsìnyí, kókó mílímítà 6 yẹn. Bí a bá gbé ẹ̀rọ lé ọrùn àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá ṣáṣá, pàápàá obìnrin, a máa bá kókó kéékèèké lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, èyí tó pọ̀ jù kò sì ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan títí ayé. EU-TIRADS tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ ìlànà tí àwọn onímọ̀ tiróìdì ní Yúróòpù gbé jáde ní ọdún 2017. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 1, èyí tí kò sí kókó rárá, dé 5, èyí tí ìfura rẹ̀ pọ̀ jù. 3 wà lára àwọn tí ìfura wọn kéré. Lábẹ́ ìlànà yìí, a kì í fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan jáde nínú ipele 3 àfi tó bá ju mílímítà 20 lọ. Ní ipele 4, ó di 15. Ní ipele 5, ó di 10. Mílímítà 6 ni tirẹ̀. N kò lè sọ̀rọ̀ ní ipò dókítà yín, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àbúrò yín pé kó sùn.

Bàbá Ṣábẹ

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin ọmọ wa. Mo ka gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwọn onígẹ̀gẹ̀ wà káàkiri abúlé, a mọ̀ wọ́n, a ń bá wọn jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé tirẹ̀ láti ìgbà wúńdíá, ó bímọ, ó roko, ó dàgbà. Kò sí ẹni tó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Àwọn àgbà ní onígẹ̀gẹ̀ ìṣáájú ló ba ti ìkẹyìn jẹ́. Nítorí àwọn ńlá tí ojú ti rí ni wọ́n ṣe ń dẹ́rù ba ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kàn gùn. Ìbéèrè mi nìyí: bí gẹ̀gẹ̀ kò bá dunni, tí kò sì dí nǹkan lọ́wọ́, kí la fẹ́ fi ìṣirò ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́

Bàbá, ẹ kú àgbà. Ó ṣeé ṣe kí gẹ̀gẹ̀ ńlá máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, bíi ti ẹ̀gbọ́n yín obìnrin yẹn. Ó tún ṣeé ṣe kí tiróìdì tí kò tóbi rárá máa ṣe iṣẹ́ àṣejù tàbí kó ti rẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè méjì ni wọ́n, ọ̀tọ̀ ni kálukú. Ekógiráfì ń sọ bó ṣe tóbi tó àti bó ṣe rí nínú. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ìyẹn.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a máa ń kọ́kọ́ ṣe ni TSH. Ẹṣẹ́ kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ tó ń fi TSH ránṣẹ́ sí tiróìdì pé kó ṣiṣẹ́. Bí tiróìdì bá ń jáfara, ọ̀gá rẹ̀ á pariwo, TSH á gòkè. Bí tiróìdì bá ń ṣe àṣejù, ọ̀gá á dákẹ́, TSH á lọ sílẹ̀. Nítorí náà, TSH tó ga túmọ̀ sí pé iṣẹ́ tiróìdì lọ sílẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ó pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ka ìwé náà sódì. Ní ilé àyẹ̀wò tó pọ̀, ó máa ń wà láàárín 0.4 sí 4. Ẹ wo ààlà tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìwé tiyín, torí pé lábò kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ti aláboyún sì yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ̀yin obìnrin tó ń lo oògùn kí irun àti èékánná lè dàgbà, ẹ tẹ́tí sí èyí: bíótìn, fítámì kan, ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó sì máa ń da iye TSH rú nínú àwọn ẹ̀rọ kan. Ẹ dá a dúró fún ọjọ́ méjì ó kéré tán kí ẹ tó lọ gba ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn ní lábò.

Ọmọbìnrin Ṣábẹ

Bàbá mi, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ti ìyá mi, torí ìlú kan náà ni wá.

Gẹ̀gẹ̀ màmá kò fi bẹ́ẹ̀ yọ síta. Bí ẹ bá wò ó, ẹ ó ní kékeré ni. Ṣùgbọ́n ó ń fi ìrọ̀rí mẹ́ta sùn. Bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, èémí á máa fọn nínú ọ̀fun rẹ̀. Ẹ̀bà ń há a. A rò pé ikọ́ fée ni, a ń fún un lóògùn ikọ́ fée. Nígbà tó yá, dókítà kan ní kó gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè, kó fi kan etí, kó wà bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ojú rẹ̀ fi pọ́n, tí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, tó sì ní èémí ń tán òun. Dókítà ní kó sọ ọwọ́ kalẹ̀ kíá. Ó ní gẹ̀gẹ̀ náà ti wọ ẹ̀yìn egungun àyà, pé apá tó tóbi jù wà lábẹ́, ibi tí ojú kò dé, tí ọwọ́ kò lè kàn. Sikánẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya àwòrán inú ara, ló wá fi han kedere. Ekógiráfì kò ríran kọjá egungun. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Kútọnu, ó ń sùn lórí ìrọ̀rí kan báyìí.

Nítorí náà, èyí tí ojú ń rí kọ́ ló ń sọ gbogbo ìtàn.

Oníṣẹ́ Ẹ̀rọ

Àǹtí, ẹ ṣé gan-an tí ẹ kọ èyí. Bí ìsàlẹ̀ apá kan bá ti wọ àyà lọ, ẹ̀rọ mi kò lè rí òpin rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé n kò rí i. Ìwọ̀n tí mo bá kọ lọ́jọ́ náà kò pé. Bí ẹ bá rí "plongeant" nínú ìwé èsì yín, ohun tó ń wí nìyẹn.

Bàbá Ṣábẹ

Ó yé mi báyìí. Ọlọ́run á fún màmá lálàáfíà. Màá sọ fún àwọn ará ilé wa kan tó ń fi ìrọ̀rí gíga sùn.

Ìyàwó Tuntun

Ẹ jọ̀ọ́, oyún oṣù márùn-ún wà nínú mi. Ọrùn mi fẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbà ọrùn tí mo máa ń lò ti há. Àǹtí tó ń gbẹ̀bí fún wa ní kì í ṣe nǹkan kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́

Ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á sọ̀ yín láyọ̀. Tiróìdì lè fẹ̀ díẹ̀ nígbà oyún, pàápàá níbi tí áyódíìnì kò bá ti tó nínú oúnjẹ, torí pé iṣẹ́ ẹni méjì ló ń ṣe. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún, ọmọ kò tíì lè ṣe tirẹ̀, ti ìyá ni ọpọlọ rẹ̀ fi ń dàgbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ 250 lókè. Ẹ béèrè TSH ní àyẹ̀wò oyún tó ń bọ̀, kí ẹ sì sọ bí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín bá ti ní àrùn tiróìdì rí. Bí àyà bá ń lù ní gbogbo ìgbà, tàbí tí ẹ ń rù dípò kí ẹ máa sanra, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò.

Olùkọ́ Ìlàrà

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé lágbègbè Kétu níbí. Ọ̀rọ̀ áyódíìnì yìí ká mi lára, ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un.

Ọrùn àwọn ọmọ ọdún 6 sí 12 ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìlú kan ń rí áyódíìnì tó. Bí gẹ̀gẹ̀ bá wà lára ọmọ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọgọ́rùn-ún, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á sí ìṣòro gbogbo ìlú, kì í ṣe ti ilé kan. Ọmọ kò ní iye kan bíi 18 tàbí 25, torí pé bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni tiróìdì rẹ̀ ń dàgbà. Ọjọ́ orí rẹ̀ àti bí ara rẹ̀ ṣe tó ni wọ́n máa ń fi wé. Ẹ má fi ìwọ̀n àgbàlagbà dá ọmọ yín lẹ́jọ́.

Ní àríwá Benin wa níbí, wọ́n ṣe ìwádìí kan lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí áyódíìnì kò tó lára wọn, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2000. Àwọn tí áyódíìnì ara wọn gòkè ṣe dáadáa sí i nínú ìdánwò ọpọlọ. Mo máa ń rántí ìyẹn bí mo bá rí òbí tó ń lu ọmọ pé olódo ni.

Iyọ̀ lọ̀nà tó rọrùn jù. Kí iyọ̀ inú ilé ní áyódíìnì mílígíráàmù 15 ó kéré tán nínú kílò kan. Ṣùgbọ́n áyódíìnì máa ń fò lọ bí iyọ̀ bá wà ní gbangba, nínú oòrùn tàbí nínú ọ̀rinrin. Ní ọjà wa, mo ń rí iyọ̀ nínú àpò tó ṣí sílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, tí wọ́n ń fi agolo wọ̀n. Ẹ ra èyí tí wọ́n dì, ẹ dà á sínú ike tó ní ìdérí, ẹ gbé e jìnnà sí ààrò. Ọbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná ni kí ẹ tó fi í sí i.

Ìyá Alátà

Iyọ̀ Djègbadji ńkọ́, tí wọ́n ń sè lẹ́bàá Ouidah? Mo fẹ́ràn rẹ̀ nínú ọbẹ̀ mi. Inú omi òkun ló ti wá, mo rò pé áyódíìnì ti wà nínú rẹ̀.

Olùkọ́ Ìlàrà

Màmá, ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò bẹ́ẹ̀. Omi òkun ní áyódíìnì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó máa ń kù sínú iyọ̀ òkun kò tó nǹkan. Àfi kí wọ́n fi í sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá sè é tán. Omi àyẹ̀wò kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń lò: wọ́n á kán an sórí iyọ̀ díẹ̀, bí áyódíìnì bá wà níbẹ̀, iyọ̀ náà á di aró. Bí ó bá funfun bó ṣe wà, kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ìyá Alátà

Gàrí àti láfún ńkọ́? Wọ́n ní ẹ̀gẹ́ ń fa gẹ̀gẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́

Ẹ̀gẹ́ tí wọn ò rẹ dáadáa ní májèlé kan tí ara ń sọ di ohun tó ń dí áyódíìnì lọ́nà. Ó máa ń pa ibi tí áyódíìnì ti kéré lára ju ibi tó ti tó lọ. Gàrí tó kan dáadáa, tí wọ́n fún, tí wọ́n sì yan, láfún tó pẹ́ lómi, ìyẹn ti pàdánù púpọ̀ nínú májèlé náà. Ẹ jẹ gàrí yín, kí iyọ̀ yín ní áyódíìnì.

Ọmọ Alákétu

Ẹ kú àdúrótì o, gbogbo yín. A ti rí dókítà. Ó gba ìwé náà, ó ṣe ìṣirò rẹ̀ níwájú wa, 12.4 náà ló rí. Ó fún un lómi mu, ó fọwọ́ wò ó, ó ní ipele 1 ni òun máa kọ torí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, pé ẹ̀rọ ni òun gbà. TSH rẹ̀ jẹ́ 2.1. Ó ní kò sí oògùn, kò sí iṣẹ́ abẹ, ká tún ekógiráfì ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, níbi kan náà. Ó gba ìgò áyódíìnì náà lọ́wọ́ wa. Àbúrò mi ti padà sọ́jà.

Ó sọ ohun tó lè mú ká má dúró di ọdún mẹ́ta: bí ohùn rẹ̀ bá há tí kò sì là, bí oúnjẹ bá ń há a, bí èémí bá ń fọn nígbà tó bá dùbúlẹ̀, bí kókó náà bá le tàbí tó dàgbà kíákíá, bí kókó mìíràn bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Àwa obìnrin mẹ́rin ló kù nílé, ìyá wa pẹ̀lú. Ṣé kí gbogbo wa lọ ṣe ekógiráfì?

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́

A dúpẹ́ o. Rárá, ẹ má kó gbogbo ilé lọ. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ kò wú, tí ara rẹ̀ kò sì sọ nǹkan kan, ekógiráfì yóò kàn bá kókó kéékèèké tí kò ní ṣe é ní nǹkan, oorun ò sì ní wá mọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà fọwọ́ wo ọrùn ìyá yín nígbà tí wọ́n bá lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ó bá sì máa ń rẹ wọ́n láìnídìí, tí òtútù ń mú wọn nígbà tí ooru ń mú ẹ̀yin, tí wọn kì í rí ìgbẹ́ yà dáadáa, tí awọ ń gbẹ, TSH ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe ekógiráfì.

Ọmọ Alákétu

Òtútù ń mú wọn lóòótọ́. A ó lọ lọ́jọ́ Ajé.